Iná ẹ̀yìn 4Runner mi: ó ti yanjú o

Ẹ kú àdúrótì. Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ Toyota 4Runner 1999 mi tí mo béèrè nípa rẹ̀ níjọ́sí, èyí tó jẹ́ pé bí mo bá tẹ bíréèkì, tíràfíkétọ̀ apá òsì náà á máa tàn bàìbàì, ó ti yanjú. Ẹni tó ní kí n yẹ wáyà áàtì (èyí tó so iná náà mọ́ irin ara ọkọ̀) wò ló járe. Ẹnu wáyà náà ti dípẹtà, àwọ̀ ewé ti bò ó. Rewáyà fi sándípépà ha á títí ó fi dán, ó sì dè é padà. Mo pààrọ̀ gílóòbù bíréèkì, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1157, pẹ̀lú (etí kékeré méjèèjì tó wà ní ìdí rẹ̀ kò dọ́gba, ẹ má fipá tì í). Rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọ inú iná náà nìkan ló kù. Èyí tí wọ́n fi hàn mí ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, gbó ju tèmi lọ!