Kí lẹ máa pe double bind ní Yorùbá?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ fi fíìmù kan han àwọn èèyàn ní Ọ̀fà, èyí tí Nora Bateson ṣe nípa bàbá ẹ̀, Gregory Bateson, òyìnbó tó ní ká má máa wo nǹkan lẹ́yọ lẹ́yọ, àjọṣe àárín wọn ni ká wò. Èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀ torí àwọn ìyá ọlọ́jà máa wà níbẹ̀. Feedback, ìyẹn kí àbájáde ohun tí nǹkan ṣe tún padà wá darí ẹ̀, ò yọ mí lẹ́nu, mo fi fíríìjì tó ń tan ara ẹ̀ tó ń pa ara ẹ̀ ṣàlàyé fún màámi, ó yé wọn kíá (bí NEPA bá gbà náà nìyẹn). Double bind tí Bateson àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kọ nípa ẹ̀ ní 1956 ló há mi lọ́fun: ìyá ń fẹnu pe ọmọ mọ́ra, ara ẹ̀ ń sá fún un, ọmọ ò lè béèrè, kò sì ríbi sá lọ. Mo sọ pé "ìdè onílọ̀ọ́po méjì", ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé okùn ewúrẹ́ ni. Mo ní "kò ṣe é gbé mì kò ṣe é tu", ìyẹn náà jọ wàhálà lásán, kò gbé ọ̀rọ̀ méjì tó ń ta kora jáde. Ẹ dákun, gbólóhùn tàbí òwe wo ni wọ́n lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan péré tó máa yé wọn?