Ọjọ́ orí màmá wa àti ìtàn ìgbésí ayé wọn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Màmá wa ti re ibi àgbà ń rè. Iléṣà la ó ti sin wọ́n lóṣù tó ń bọ̀, èmi ni ẹbí sì ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé ètò ìsìnkú.

Ọjọ́ orí ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ tí wọ́n bí màmá sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní ká kọ 102, pé ohun tí gbogbo àdúgbò mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n màmá fẹnu ara wọn sọ fún mi pé ìyá àwọn pọn àwọn lọ sí Òkè-Ooyè, ní Iléṣà níbẹ̀, nígbà tí Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá ń gbàdúrà fún ogunlọ́gọ̀ níbẹ̀, àwọn ò sì tíì máa rìn.

Ẹ tún wò ó, ohun tí mo kọ kò jọ màmá rárá. "Olùfọkànsìn, onínúure, abiyamọ tòótọ́." Ìyá ta ni kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀? Màmá tí mo mọ̀ ń ta aṣọ láwìn káàkiri abúlé, wọn kì í sì í pàtẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, ì báà jẹ́ ọ̀la ọdún. Omi ìyè àti àdúrà ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa, wọn ò jẹ́ fi oògùn kan ẹnu. Ìgbà tí àbúrò mi obìnrin di nọ́ọ̀sì ni wọ́n tó gbà láti máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, láti ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Àbúrò mi ní ká yọ ọ̀rọ̀ oògùn kúrò pátápátá, kí ẹlòmíì má baà fi kọ ìwòsàn sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn: Ẹ kú ara fẹ́ra kù, ẹ̀yìn màmá á dára. Oṣù keje ọdún 1930 ni ìsọjí Òkè-Ooyè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n lọ síbẹ̀, tí kò tíì rìn, 1929 tàbí 1930 ni wọ́n bí i. Wọ́n ti kọjá àádọ́rùn-ún dáadáa, wọn ò tíì pé ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rí tí màmá fúnra wọn fi sílẹ̀ ni kí ẹ dì mú.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Ẹ fi àkọ́bí wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ti tó ọmọ ilé ìwé nígbà náà? Ẹ tún lọ wo ìwé ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Ìjọ: Olùkọ́, ẹ má bínú o. Bí màmá bá jẹ́ ọmọ CAC (Christ Apostolic Church, ìjọ Babalọlá), àgbà ni wọ́n ń rì bọmi, nítorí náà ìwé ìjọ ò ní sọ ọjọ́ ìbí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé ìsọjí náà ti ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn wá. Bí ìyá màmá bá ti wà ní Áńgílíkà tàbí Mẹ́tọ́díìsì tẹ́lẹ̀, wọ́n lè ti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ náà níbẹ̀. Ẹ tètè wá káàdì Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere wọn náà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin CAC. Àwọn ìjọ kan máa ń wo owó ẹgbẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ọjọ́ ìsìnkú.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní London: Ẹ má bá ẹ̀gbọ́n yín jà. Ògo ìyá wọn ni wọ́n ń wá. Ẹ kọ ọ́ pé "a bí wọn ní nǹkan bí ọdún 1930", kí ẹ sì kọ ìtàn Òkè-Ooyè tẹ̀ lé e. Ìtàn yẹn níyì ju 102 lọ lójú tèmi.

Nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta: Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn, ẹ kọ ọ́ délẹ̀. Ìyá tó gbára lé àdúrà títí, tó wá gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ tó fi owó aṣọ rán nílé ìwé, kò sẹ́ni tí ìyẹn máa ṣì lọ́nà. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti yọ ìfẹ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Mo pe ìyá àgbà kan tí òun àti màmá jọ wà ní Obìnrin Rere. Wọ́n ní bí ìkórè bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, màmá á ní kí wọ́n bá àwọn pa orúkọ àwọn opó rẹ́ nínú ìwé gbèsè. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí nínú àwa ọmọ! Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n wa ti gbà sí "nǹkan bí ọdún 1930", àbúrò mi ló sì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti oògùn. Ta ló mọ atẹ̀wé tó ń fi àmì sórí Yorùbá dáadáa, ní Iléṣà tàbí Òṣogbo?