Àròpọ̀ igun pé 360, síbẹ̀ olùkọ́ ní kò tọ̀nà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí pie chart

Màmá Bọ́ládé: Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ inú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín o. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 ṣe ìwádìí láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 45 nípa bí wọ́n ṣe ń dé ilé ẹ̀kọ́. Àwọn 18 ń fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn 12 ń gun ọ̀kadà, àwọn 9 ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ọkọ̀ òbí sì ni àwọn 6 tó kù ń bá wá. Nígbà tí wọ́n ní kí ó fi èsì náà ya pie chart (àwòrán òbìrí tí a pín sí ìpín-ìpín), ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ó rí 40, 27, 20 àti 13, ó wá fi 3.6 sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀. Igun tó rí ni 144, 97.2, 72 àti 46.8. Mo ro wọ́n pọ̀, 360 géérégé ni, síbẹ̀ olùkọ́ fagi lé ìkejì àti ìkẹrin. Bí àròpọ̀ bá ti pé, kí ló tún kù?

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìlọrin: Ẹ kú ìbéèrè, Màmá. Olùkọ́ ọmọ yín kò ṣì í. Ẹni 12 nínú 45 kì í ṣe ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún, 26.67 ló súnmọ́ ọn jù, nítorí pé 6 tó wà lẹ́yìn àmì ìdá (decimal point) kò lópin. Ọmọ náà gbé e sókè sí 27, ó sì gé 13.33 kù sí 13. Ohun tó fi kún ọ̀kan ni ó yọ lára èkejì, ìdí nìyẹn tí àròpọ̀ fi pé 360 nígbà tí igun méjì kò tọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kó fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Gbogbo òbìrí jẹ́ dígírì 360, ẹni 45 ló sì dáhùn. Bí a bá pín 360 sí ọ̀nà 45, dígírì 8 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni 18 gba 144, ẹni 12 gba 96, ẹni 9 gba 72, ẹni 6 gba 48. Bí ó bá jẹ́ ẹni 50 ló dáhùn, 7.2 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mú 7.2 yẹn lò bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi rí gbogbo igun, kó tó sọ wọ́n di odidi nígbà tó bá fẹ́ yà wọ́n. Kí ó má sì ṣe yọ àwọn igun yòókù nínú 360 láti fi rí igun ìkẹyìn, nítorí pé bí àṣìṣe bá ti wà níwájú, inú igun ìkẹyìn yẹn ni yóò sápamọ́ sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa yíyà, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń pàdánù máàkì. Ìlà nọ́ńbà méjì ló wà lórí protractor (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn igun), ẹni tó bá ka ìlà tí kò yẹ fún 96 yóò ya 84, ojú kò sì ní tètè rí i. Kí ó gbé igun ìwé kan lé e: igun ìwé jẹ́ 90, nítorí náà 96 gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Bí ó bá sì ya ìpín kan tán, orí ìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ni kó gbé òdo protractor sí fún èyí tó kàn.

Màmá Bọ́ládé: Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yé mi. Ìwádìí kejì wá wà nílẹ̀ o. Ó bi àwọn 45 kan náà nípa oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn, àwọn mìíràn sì mú ju ẹyọ kan lọ: ìrẹsì 26, àmàlà 14, ẹ̀bà 12, ẹ̀wà 8. Bí a bá fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní dígírì 8, 480 ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìlọrin: Èyí kò yẹ ní pie chart rárá, Màmá. Nígbà tí William Playfair, ọmọ ilẹ̀ Scotland, tẹ irú àwòrán yìí jáde ní ọdún 1801, ó fi ọ̀kan nínú wọn pín ilẹ̀ ìjọba Turkey ìgbà náà sí apá Éṣíà, apá Yúróòpù àti apá Áfíríkà. Kò sí ilẹ̀ tó bọ́ sí apá méjì, ohun tó sì mú kí òbìrí bá a mu nìyẹn. Ní ti oúnjẹ yìí, ẹnì kan lè wà nínú ìrẹsì kó tún wà nínú ẹ̀bà. Lóòótọ́, ẹ lè pín 360 fún ìdáhùn 60, kí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan gba dígírì 6, kí ìrẹsì sì gba 156. Ṣùgbọ́n 156 kò tó ìdajì òbìrí, bẹ́ẹ̀ ẹni 26 nínú 45 ju ìdajì kíláàsì lọ. Ẹni tó bá wo àwòrán náà yóò rò pé àwọn tó fẹ́ràn ìrẹsì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kí ó fi bar chart (àwòrán ọ̀pá) ṣe é, tàbí kó padà bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fẹ́ràn jù, kí oníkálukú mú ẹyọ kan ṣoṣo.