Bí ẹgbẹ́ aláàánú ní Àbújá ṣe lè gba owó ọrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbéèrè, láti Kubwa, Àbújá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa nílé àti lókè òkun. Ẹgbẹ́ wa ń sanwó ilé ìwé fún àwọn ọmọ opó níbí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ti kó lọ sí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fẹ́ máa dá owó sí i lóṣooṣù. Títí di òní, inú àkáǹtì akápò wa ni owó ń gbà wọlé, àwọn kan sì ti ń kùn pé àwọn kì í rí rìsíìtì gbà. A fẹ́ ojú ìwé kan tí ènìyàn yóò ti lè fi káàdì sanwó. Níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn, láti Gwarinpa, Àbújá

Ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ bíi tiyín. Ẹ fi ti ojú ìwé sílẹ̀ ná, kí ẹ kọ́kọ́ yọ owó ẹgbẹ́ kúrò nínú àkáǹtì akápò. Bí ó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó, owó tó bá wà lórúkọ rẹ̀, owó rẹ̀ ni lójú báńkì. Bí ọlọ́jọ́ bá sì dé, kí a má rí i, àwọn ẹbí rẹ̀ ni báńkì yóò dá lóhùn, kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè, lábẹ́ Apá F nínú òfin CAMA ti ọdún 2020, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ ó polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Lẹ́yìn èyí, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní SCUML, ẹ̀ka tó wà lábẹ́ EFCC, tó ń ṣọ́ kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ aláàánú fọ owó burúkú. Báńkì yóò bèèrè ìwé ẹ̀rí wọn kí ó tó ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì náà yóò sì bèèrè rẹ̀. Ibí yìí ni ó ti ń sú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ti SCUML, nítorí náà ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó ìwé fún òun, àpò ara rẹ̀ ló ń wá owó sí.

Bí àkáǹtì bá ti dúró, iṣẹ́ kékeré ló kù. Paystack àti Flutterwave, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì, ni ọ̀pọ̀ ń lò, wọn yóò sì fún yín ní líǹkì tí ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bí ẹ kò tilẹ̀ ní ojú ìwé tiyín. Iye tí Paystack gbé jáde fún káàdì Nàìjíríà ni ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100, wọn kì í gba ₦100 náà bí owó kò bá tó ₦2,500, gbogbo rẹ̀ kì í sì í kọjá ₦2,000. Ti káàdì òkè òkun jẹ́ ìdá 3.9 pẹ̀lú ₦100. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá fi ₦10,000 ṣọrẹ láti Kàdúná, ₦9,750 ni yóò dé ọwọ́ yín; bí ó bá jẹ́ káàdì òkè òkun ló fi san iye kan náà, ₦9,510 ni.

Ìdáhùn, láti Manchester

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n Gwarinpa sọ, ṣùgbọ́n fún àwa tí a wà ní Ìlú Ọba, líǹkì Àbújá nìkan kọ́ ni ọ̀nà tó sàn jù. Bí ẹni tó ń san owó orí níhìn-ín bá fi £1 ta ẹgbẹ́ aláàánú tí ìjọba ibí mọ̀ lọ́rẹ, ẹgbẹ́ náà lè gba pẹ́ńsì 25 lé e lọ́wọ́ ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní Gift Aid. Owó tó bá lọ sí Nàìjíríà tààrà kò ní àǹfààní yìí. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ọrẹ tí olùtọrẹ bá fún ẹgbẹ́ tó ní ìwé 501(c)(3) níbẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú, ni ó lè yọ kúrò nínú iye tí wọ́n ń ṣírò owó orí lé lórí. Bí àwọn ènìyàn yín níhìn-ín bá pọ̀, kí wọ́n dá ẹ̀ka sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Bí wọn kò bá ju díẹ̀ lọ, èrè rẹ̀ kò tó wàhálà rẹ̀, kí wọ́n máa lo líǹkì. Ẹ̀ka náà yóò nílò ìròyìn bí ẹ ṣe ná owó, nítorí òfin ibí fi dandan lé e pé kí wọ́n rí i dájú pé iṣẹ́ àánú ni wọ́n lò ó fún.

Ìbéèrè, láti Kubwa

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣé káàdì òkè òkun yóò ṣiṣẹ́ lórí líǹkì náà lójú ẹsẹ̀?

Ìdáhùn, láti Gwarinpa

Rárá, ẹ ó bèèrè pé kí Paystack ṣí i fún yín. Bí wọ́n bá ti ṣí i, ẹ má gba kí wọ́n máa san owó táṣẹ́rẹ́ lórí rẹ̀, nítorí àwọn olè a máa fi ojú ìwé ọrẹ dán káàdì tí wọ́n jí wò, ẹni tó ni káàdì yóò sì gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹ má ṣe gba nọ́ńbà káàdì ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, àní bí ó bá tiẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́. Orúkọ tó bá máa hàn lórí ìwé ìṣirò báńkì olùtọrẹ, kí ó jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ gan-an. Ẹni tí kò bá dá a mọ̀ lè pe báńkì rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan pé òun kò mọ ẹni tó gba owó lọ́wọ́ òun.