Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ máa wọ ọkọ̀ alẹ́ káàkiri Yúróòpù

Ọmọ Súrùlérè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi gan-an. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ sí Yúróòpù, báàgì ẹ̀yìn kan péré, èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ dá àjọ owó ẹ̀ láti ọdún tó kọjá, àfi bó ṣe ní òun ò lọ mọ́, pé ọkọ àfẹ́sọ́nà òun ò fẹ́. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú o! Hòtẹ́ẹ̀lì tá a fẹ́ jọ san, ó ti di tèmi nìkan. Ìdí tí mo fi fẹ́ máa sun inú bọ́ọ̀sì àti tréènì lóru nìyẹn: Paris sí London, London sí Amsterdam, Berlin, Vienna, Rome. Mọ́mì mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ní ọmọbìnrin kì í sun títì. Bọ̀dá mi náà ń gbè wọ́n lẹ́yìn, òun tó máa ń wọ ọkọ̀ alẹ́ ní Jíbówú! Ṣé ó léwu lóòótọ́ ni?

Ìyá Ìbejì Mushin: Ọmọ mi, gbọ́ ti màmá ẹ. Nígbà tí mo ń lọ kó aṣọ ní Accra, ọkọ̀ alẹ́ ni mo wọ̀ lọ́jọ́ kan, mo kàn tòògbé, kí n tó lajú, obìnrin tó jókòó tì mí ti bọ́ọ́lẹ̀ ní Lomé pẹ̀lú pọ́ọ̀sì mi. Owó ọjà ló wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ṣùgbọ́n Accra kọ́ ló ń lọ.

Ìyá Ìbejì Mushin: Ṣé olè ò sí ní Paris ni?

Bọ̀dá Ẹ̀bútè Mẹ́tta: Mo kàwé ní Jámánì, mo wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ wọn dáadáa. Báàgì ńlá á wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, páásípọ́ọ̀tù, fóònù àti owó á wà lára ẹ, kódà tó o bá fẹ́ lọ tọ̀. Láti September 2024 ni Jámánì ti ń yẹ èèyàn wò ní gbogbo bọ́dà ilẹ̀ wọn, ọlọ́pàá lè wọlé lóru, wọ́n á tanná sójú yín, páásípọ́ọ̀tù ni wọ́n máa béèrè. Ní ti tréènì, èyí tó ń rìn lóru tí wọ́n ń pè ní Nightjet ń lọ láti Vienna sí Rome. Má ra ìjókòó lásán, ra bẹ́ẹ̀dì, ó dà bíi bọ́ǹkì ilé ìwé, wọ́n sì ní yàrá tó jẹ́ ti obìnrin nìkan. Físà wo lo gbà?

Àǹtí Yábà: Ra Interrail jàre, tíkẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi ń wọ tréènì káàkiri Yúróòpù, ẹ̀ẹ̀kan lo máa sanwó. Àbúrò mi lò ó.

Bọ̀dá Ẹ̀bútè Mẹ́tta: Níbo ni àbúrò yín ń gbé?

Àǹtí Yábà: Milan.

Bọ̀dá Ẹ̀bútè Mẹ́tta: Ẹ ò rí i. Interrail wà fún àwọn tó ń gbé Yúróòpù. Eurail ni tiwa, tó bá sì di tréènì alẹ́, èèyàn ṣì máa sanwó bẹ́ẹ̀dì lọ́tọ̀.

Àǹtí Yábà: Mo kàn fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni, ẹ má pariwo mọ́ mi.

Ìyá Ìbejì Mushin: Kó gba hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ Súrùlérè: Owó hòtẹ́ẹ̀lì dà mà? Mi ò sì ní yọ London o, àǹtí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Peckham, mo ti ṣèlérí. Ẹ má da ara yín láàmú lórí ọ̀rọ̀ físà, mo ní ti UK, mo ní ti Faransé náà, wọ́n kọ 01 sára ẹ̀, oṣù kan gbáko.

Bọ̀dá Ẹ̀bútè Mẹ́tta: Dúró ná. 01 kì í ṣe oṣù kan o! Iye ìgbà tó o lè wọlé nìyẹn. England ò sí nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà Faransé yẹn wà fún. Tó o bá ti kúrò ní Paris lọ London, o ti lo ìwọlé kan ṣoṣo tó o ní tán. Bọ́ọ̀sì tó o fẹ́ wọ̀ padà, tó bá gba Dover, ibẹ̀ gan-an ni ọlọ́pàá Faransé wà, lórí ilẹ̀ England, kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á sọ̀ ẹ́ kalẹ̀ lóru.

Ìyá Ìbejì Mushin: Mo sọ ọ́ àbí mi ò sọ ọ́?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Mà, ẹ ò dárúkọ físà rárá.

Ọmọ Súrùlérè: Ẹni tó bá mi ṣe físà gbowó ńlá lọ́wọ́ mi, kò sọ gbólóhùn kan nípa èyí! Paris ni mo ń bọ́ sí, Rome ni mo ti ń padà wálé. Mi ò tíì san ti bọ́ọ̀sì kankan ṣá.

Bọ̀dá Ẹ̀bútè Mẹ́tta: Ọlọ́run yọ ẹ́. Fi London sẹ́yìn: Paris, Amsterdam, Berlin, Vienna, Rome, kó o wá wọ báálù lọ bá àǹtí ẹ, kó o ti ibẹ̀ padà sí Èkó. Béèrè iye tí wọ́n máa gbà láti yí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ. Tún wo físà Faransé yẹn, iye ọjọ́ tó o lè lò wà níbẹ̀ lọ́tọ̀, ó lè má tó oṣù kan.

Ọmọ Súrùlérè: Wọ́n kọ 20. Ẹ ṣeun sà. Màá lọ bá àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún mi ní Ìkẹjà lọ́la. Bẹ́ẹ̀dì àwọn obìnrin yẹn, ṣé kí n tètè rà á?

Bọ̀dá Ẹ̀bútè Mẹ́tta: Má tíì rà á. London tó o sún sẹ́yìn ti yí ọjọ́ Vienna ẹ padà. Tún ọjọ́ ẹ kà, kó o rí i pé o kúrò ní Rome kí 20 yẹn tó pé, ká tó sọ ti bẹ́ẹ̀dì.