Bàálù kékeré tí iná ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tàn: kí lẹ ti rí?

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ wá sọ tẹnu yín. Piper Arrow, bàálù kékeré tí ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ ń wọnú, fẹ́ balẹ̀, páílọ́ọ̀tì ti fa ọwọ́ ẹsẹ̀ wálẹ̀, iná aláwọ̀ ewé mẹ́ta tó ń fi hàn pé ẹsẹ̀ ti jáde ò tàn.

Bàbá Wáyà: Kó pa iná etí apá ná! Bí ìyẹn bá ń tàn lára Arrow, iná ẹsẹ̀ á ṣú débi pé oòrùn ọ̀sán á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ ti lè jáde tán. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ò tàn, kó fi gílóòbù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ wò.

Adé_Alágbàká: 😂😂 Gílóòbù!

Mẹkáníìkì Àgbà: Kó wo circuit breaker (suwíìṣì tó ń já iná bó bá pọ̀ jù) náà. Bí ẹsẹ̀ ò bá jáde lóòótọ́, kó dín eré kù sí 87 knots, kí ọwọ́ ẹsẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, kó wá tẹ ọwọ́ pàjáwìrì tó wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì. Ìyẹn ló máa tú agbára hydraulic (agbára epo inú páìpù) tó gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ á sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Bí ti ẹ̀yìn ò bá kọ́ dáadáa, kó fi rudder (pátákó ìdarí ìrù) ju ìdí bàálù sọ́tùn-ún sósì.

Ìyá Ìbejì: Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀ tó ní láti fi ikùn balẹ̀ ńkọ́? Ẹ sọ fún un kó pa ẹ́ńjìnì lókè, propeller (abẹ́bẹ̀ iwájú) á yè.

Mẹkáníìkì Àgbà: Háà, ìyá wa! Bí kò bá wá dé rọ́ńwéè ńkọ́, kí ló máa fi gbéra padà? Kó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ kó má baà há, kó sì pa epo àti master (suwíìṣì iná gbogbo bàálù) nígbà tó bá dájú pé ó ti débẹ̀.

Bàbá Wáyà: Pípa á ò tiẹ̀ yọ yín nínú gbèsè. Nínú SB 533, ìwé ìtọ́ni Lycoming tó ṣe ẹ́ńjìnì náà, bí propeller bá bà jẹ́ kọjá ohun tí fáìlì lè tún ṣe, ẹ́ńjìnì ì báà kú, ẹ máa tú u.

Adé_Alágbàká: Ṣé bí èyí tó gbé òkú Dókítà Agagu, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, lọ́dún 2013 ṣe jábọ́ nìyẹn?

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé: Rárá o. Èkó nìyẹn ti ń gbéra bọ̀ wá sí Àkúrẹ́. Embraer 120 sì ni, kì í ṣe kékeré.

Táyà_Iwájú: Ẹ̀yin ń sọ ti ẹsẹ̀, ta ló ń wo bíréèkì? Epo bíréèkì bàálù aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní 5606 ló ń lò. Ẹlòmíì á lọ ra DOT 4, epo bíréèkì mọ́tò, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò mọ́tò, rọ́bà inú á wú, bíréèkì á há mọ́ táyà kan, bàálù á yà kúrò lójú ọ̀nà.

Adé_Alágbàká: Wọ́n ní méjèèjì jọra.

Táyà_Iwájú: Àbúrò, bu 5606 sí Corolla rẹ kó o padà wá ròyìn.