Kí ló mú John Quincy Adams padà sí Ilé Aṣojú-ṣòfin lẹ́yìn tó ti ṣe ààrẹ?

Olùkọ́ Ìjòkà, Àkúrẹ́
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì ìtàn bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò fẹ́ kánjú dáhùn. John Quincy Adams, ààrẹ kẹfà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ John Adams tó jẹ́ ààrẹ kejì, fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún 1828; síbẹ̀, nígbà tó fi di 1831, ó ti wà ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, tó ń ṣojú àdúgbò rẹ̀ ní Massachusetts. Ọmọ kan ní, "Tíṣà, ṣé ẹni tó ti jọba tún máa ń padà wá jẹ baálẹ̀?" Kí ni ọkùnrin yìí ń wá níbẹ̀?

Ọmọ Ẹkìmògún
Olùkọ́ wa, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ irú ìjọba tó jẹ. Nínú ìbò 1824, Andrew Jackson ní ìbò 99 lọ́dọ̀ àwọn aṣojú adìbò (àwọn tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàn láti dìbò yan ààrẹ), Adams ní 84. Nítorí pé kò sí ẹni tó ní ju ìdajì lọ, Ilé Aṣojú-ṣòfin ni òfin ní kó yan ààrẹ, Adams ni wọ́n sì yàn. Henry Clay, Olórí Ilé náà, ló ṣagbátẹrù rẹ̀, kò sì pẹ́ tí Adams fi í ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn ọmọlẹ́yìn Jackson pariwo pé àdéhùn abẹ́lẹ̀ ni, ariwo náà ò sì rọlẹ̀ títí tó fi kúrò lórí àga. Lójú tèmi, ó gbọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìṣèlú ṣe.

Ará Ọ̀bà-Ilé
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dé ibi tí ìbéèrè wà. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, gómìnà tó bá parí sáà rẹ̀ a máa gba Ilé Aṣòfin Àgbà lọ láti lọ sinmi (n kò ní gbogbo wọn o). Ti Adams kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1836 ni Ilé ti pàṣẹ pé àwọn kò ní gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kankan tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú yẹ̀ wò. Lọ́dún 1837, Adams dìde, ó béèrè lọ́wọ́ Olórí Ilé bóyá òun lè gbé ìwé kan tó wá láti ọwọ́ àwọn ẹrú kalẹ̀. Ilé dàrú! Àwọn aṣojú láti ìpínlẹ̀ Gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń lo ẹrú, ní kí wọ́n jẹ ẹ́ níyà. Ìgbà tí wọ́n pariwo tó ló wá sọ fún wọn pé ohun tí ìwé náà ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n má ṣe fòpin sí ìkónilẹ́rú. Àbá tirẹ̀ ni wọ́n fi fagi lé àṣẹ náà ní 1844.

Lọ́dún 1841 pẹ̀lú, ẹni 73 ọdún ni nígbà tó dúró níwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tó gbẹjọ́ àwọn ará Áfíríkà tó gba Amistad, ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Sípéènì, mọ́ àwọn tó kó wọn lọ́wọ́. Mende ni púpọ̀ nínú wọn, láti ibi tí à ń pè ní Sierra Leone lónìí. Ìjọba Van Buren, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, fẹ́ kí wọ́n dá wọn padà fún àwọn ará Sípéènì, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀.

Ọmọ Ẹkìmògún
Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di ẹni mímọ́ fún àwọn ọmọ. Nígbà tó ń ṣojú ìjọba rẹ̀ lókè òkun lẹ́yìn ogun 1812 tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà, òun náà wà lára àwọn tó ń béèrè owó lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ẹrú tí ọmọ ogun wọn kó lọ. Ẹ kọ́ wọn ní méjèèjì.